Káfíńtà Fẹ́ Gé Etí Àwòrán Bàbá Wa

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. A ń palẹ̀ ilé bàbá wa mọ́ n'Íjẹ̀bú-Igbó ni mo rí àwòrán dúdú kan lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ahéré ni, ìyá kan jókòó síwájú ẹ̀ ó ń bó pákí, ewúrẹ́ méjì sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó pa rọ́rọ́. Wọ́n fi pẹ́ńsù kọ 12/50 sísàlẹ̀ pẹ̀lú sáìnì tí mi ò lè kà. Àbúrò mi ní fọ́tókọ́pì lásán ni, pé tó bá jẹ́ ojúlówó kí ni ti 50? Káfíńtà sì ní òun máa gé etí funfun ẹ̀ kó lè wọ fúrémù. Ṣé kó gé e?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ káfíńtà yẹn ná!

Ó jọ pé etching lẹ ní lọ́wọ́. Ẹni tó yà á á fi ìda kun pátákó bàbà, á wá fi abẹ́rẹ́ ya ahéré àti ewúrẹ́ ẹ̀ sórí ìda yẹn títí bàbà á fi yọjú, tó bá ti rì í sínú ásíìdì, ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gbà nìkan ni ásíìdì máa jẹ. Á ki yíǹkì bọ ibi tó jinlẹ̀, á nu òkè ẹ̀ mọ́, á da bébà tútù bò ó, ẹ̀rọ á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fi jáàkì fún pákí kí wọ́n tó yan gàrí, ẹ mọ irú agbára tí mò ń sọ. (Jàǹbá ásíìdì ló bá iṣẹ́ Bàbá Bruce Onobrakpeya, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, ní 1967, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ọ̀nà tuntun tó sọ wọ́n di ìlúmọ̀ọ́ká.)

12/50 yẹn, ẹ̀dà kejìlá nínú àádọ́ta ni. Gbogbo wọn lojúlówó. Rembrandt, ayàwòrán ará Họ́láńdì, fi ọ̀nà yìí kan náà ya igi mẹ́ta létí oko ní 1643, ẹ̀dà ẹ̀ wà ní mùsíọ́mù oríṣiríṣi, ta ló pè é ní fọ́tókọ́pì?

Ẹ gbé tiyín súnmọ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lórí ẹ̀. Tí bébà bá wọnú díẹ̀ yí àwòrán ká bí ìgbà tí wọ́n fi àwo tẹ̀ ẹ́, etí bàbà nìyẹn, fọ́tókọ́pì ò lè ní in. Etí funfun tí káfíńtà fẹ́ gé yẹn gan-an ló wà! Kó lọ kan fúrémù tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ o, ẹ má sì kọ́ ọ sára ògiri tí òjò ń rin.

Ti sáìnì yẹn, ẹ yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí wa, ká jọ wò ó.