Ṣé títún sípẹ́lì ṣe nìkan ti tó kí àròkọ Gẹ̀ẹ́sì mi lè dáa sí i fún WAEC?

Rárá o, kò tó. Máàkì 50 ni WAEC ń fún àròkọ yẹn: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún bó o ṣe tò ó, 20 fún bó o ṣe lo èdè, 10 tó kù ló wà fún sípẹ́lì, gírámà àti kọ́mà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ sípẹ́lì nìkan lò ń wá kiri, 10 péré lò ń lé.

Kọ́kọ́ padà ka ìbéèrè yẹn, kó o wá mú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó o bi ara ẹ pé kí lèyí ń sọ gan-an, èyí tí ò bá ti rí nǹkan pàtó sọ, fagi lé e jàre. Tó o bá ń ṣe é nílé, kà á sókè, torí ẹnu máa ń kọsẹ̀ níbi tí ojú ti fò kọjá. Ká ní o kọ "Our school is bad and it is not good", ọ̀rọ̀ kan náà lo sọ lẹ́ẹ̀mejì yẹn. Sọ ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀: "The roof of our classroom leaks whenever it rains". Ibi tí 20 yẹn wà nìyẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ni kì í débẹ̀ rárá.

Sípẹ́lì ló máa kẹ́yìn. Ìlàjì máàkì ni wọ́n ń yọ lórí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan, nítorí náà fi bí ìṣẹ́jú márùn-ún sílẹ̀ fún un nínú họ́ọ̀lù, má sì lọ bẹ̀rẹ̀ sí í da gbogbo ẹ̀ kọ tuntun o, áà, àkókò ò ní gbà ẹ́.