Kò fẹ́ ọ sílé, àmọ́ bàbá ọmọ ni

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ ọdún 22 ni mí, ọmọ mi pé oṣù 3. Bàbá rẹ̀ ní òun kò tíì san owó orí mi, nítorí náà bùkátà ọmọ kò kan òun. Ẹnì kan wá ní ìjọba ń san owó oṣooṣù fún ìyá tí kò lọ́kọ, pé kí n mówó fọ́ọ̀mù wá. Báwo ni mo ṣe lè rí i gbà?

Ìdáhùn: Má fún un ní kọ́bọ̀. Ìjọba Nàìjíríà kò ní owó oṣù kankan tó ń san fún gbogbo ìyá tí kò lọ́kọ. Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n fi irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ lù ní jìbìtì.

Ọ̀rọ̀ bàbá ọmọ ló yẹ kí o bi mí. Irọ́ tó pa fún ọ yìí ti wọlé débi pé àwọn àgbà ilé náà gbà á gbọ́. Owó orí ló ń sọ obìnrin di aya. Kì í ṣe òun ló ń sọ ọkùnrin di bàbá. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, abala 14, sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ kí àwọn òbí rẹ̀ máa gbọ́ bùkátà rẹ̀ bí agbára wọn bá ṣe mọ, ó sì lè torí rẹ̀ dé kóòtù ìdílé. Abala náà kò béèrè ìgbéyàwó. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ òfin yìí di tirẹ̀ (Èkó ṣe é ní 2007), nítorí náà ìlànà lè yàtọ̀ díẹ̀ níbi tí o wà.

Gbé ọmọ, lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ, kí o fẹjọ́ sùn. Wọ́n á ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà, wọ́n á bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ ó sì jọ buwọ́ lu àdéhùn. Bó bá kọ̀, ó di kóòtù. Bó bá ní òun kọ́ ló ni ọmọ, adájọ́ lè ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò DNA. N kò lè sọ iye tí wọ́n máa dá fún un. Àpò rẹ̀ ni wọ́n máa wò. Tọ́jú gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tó fi ránṣẹ́ nígbà oyún.

Bó bá gbé owó kan kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí o buwọ́ lùwé pé ọ̀rọ̀ ti tán, má ṣe é. Ẹ̀tọ́ ọmọ ni, kì í ṣe tìrẹ láti tà. Má sì torí ìbínú fi ọmọ pamọ́ fún un.

Wẹ́fíà kì í gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá torí pé kò lọ́kọ. Àwọn tó yẹ kí o sá fún ni àwọn tó ní àwọn á fún ọ nílé àti oúnjẹ bí o bá máa fi ọmọ sílẹ̀ fún wọn. Òwò ọmọ nìyẹn, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ló wà nídìí rẹ̀.

Forúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ìkànìyàn. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 14 náà ti sún mọ́lé. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba, má jẹ́ kó kọjá.