Òrùka àdìrẹ lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àdìrẹ ni mò ń tà l'Óṣogbo níbí, ọmọ mi ló bá mi ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì. Mo ní kó fi ọnà àdìrẹ sí i lẹ́yìn, ló bá ya fọ́tò aṣọ, ó tẹ́ ẹ síbẹ̀. Láti ìgbà náà, ó ń pẹ́ kó tó ṣí, àwọn oníbàárà sì ní àwọn ò rí iye owó kà. Ṣé kí n yọ ọnà náà ni?

Ìdáhùn: Ẹ má yọ ọ́ o, mà. Ìlú aró ni wọ́n ń pe Òṣogbo; kò yẹ kí ọjà àdìrẹ yín funfun báláú. Fọ́tò yẹn ni kí ẹ yọ. Ó wúwo, dátà oníbàárà ló sì ń jẹ. CSS, èdè tí a fi ń sọ fún fóònù bí ojú ìwé ṣe máa rí, lè ya ọnà náà fúnra rẹ̀. Kí ọmọ yín kọ èyí:

background-color: #1b2a6b;
background-image: radial-gradient(circle, transparent 8px, white 9px, white 10px, transparent 11px);
background-size: 40px 40px;

Ẹ rántí àdìrẹ oníko: ibi tí ìko ti di aṣọ, tí aró ò dé, òun ló ń di òrùka funfun. Ohun tó wà níbí náà nìyẹn. Ìlà kìíní ni aró. Ìlà kejì ni òrùka (px ni pixel, ìwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn nǹkan lójú fóònù): láti àárín dé 8px, aró ló hàn, 9 sí 10 funfun, tó bá di 11, aró tún ti padà. Àlàfo láàárín 8 àti 9 yẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí ó jẹ́ kí etí òrùka rọ̀, bí aró ṣe máa ń yọ́ wọ abẹ́ ìko. Ìlà kẹta ni àyè tí òrùka kọ̀ọ̀kan ní; tí ẹ bá sọ ọ́ di 24px, wọ́n á fún mọ́ra.

Ní ti owó, ẹ má kọ ọ́ sórí ọnà rárá. Kó wà nínú àpótí funfun tó ní padding: 16px (àyè láàárín etí àpótí àti lẹ́tà), kí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró, kó sì ní òjìji fẹ́ẹ́rẹ́ kan: box-shadow: 0 2px 8px rgba(0,0,0,0.3).

Ẹ ò bi mí ní èyí, àmọ́ mo rí i níbi púpọ̀: àwọn kan máa ń fi :hover bo owó, kó má hàn àfi tí máòsì bá kọjá lórí rẹ̀. Fóònù ò ní máòsì. Tí ọmọ yín bá sì fẹ́ kí nǹkan máa mì, transform (tó ń sún nǹkan tàbí tó ń yí i) àti opacity (bí nǹkan ṣe hàn tó) ni kó lò, torí òjìji tó ń mì máa ń mú kí fóònù kékeré tún ojú ìwé yà léraléra. Kó fi í sábẹ́ prefers-reduced-motion: no-preference, kó má baà mì fún àwọn tó ti sọ fún fóònù wọn pé àwọn ò fẹ́ ohun tó ń mì, torí ó máa ń mú kí òòyì kọ́ àwọn mìíràn lójú.

Tó bá parí, ẹ mú fóònù tó kéré jù nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ jáde sínú oòrùn, kí ẹ̀yin fúnra yín ka owó aṣọ kan.