Ara ọmọ ni kí nọ́ńbà wà

Màmá Ìbejì, ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò. Ẹ ní ẹ̀yin nìkan lẹ máa kó ìbejì ọmọ ọdún 3 àti ẹ̀gbọ́n wọn láti Kábà lọ sí Abùjá, ẹ sì béèrè bóyá káàdì orúkọ tí ẹ fẹ́ gbé kọ́ wọn lọ́rùn ti tó. Kò tó o. Wọ́n á ti bọ́ ọ sọnù kí ẹ tó dé Ọbajana, okùn rẹ̀ sì lè fún ọmọ lọ́rùn. Èyí tó tún burú ni pé àjèjì tó bá ka orúkọ náà á pe ọmọ bí ẹni mímọ̀, ọmọ á sì tẹ̀lé e.

Máákà tí omi kì í fọ̀ ni kí ẹ rà. Inú apá, lókè ọrùn ọwọ́, ni kí ẹ kọ nọ́ńbà fóònù sí. Bírò kò dára, òógùn á pa á rẹ́. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni òrí: ara tí ẹ bá ti fi òrí pa kì í gba yíǹkì. Ẹ wẹ ọmọ, ẹ nu apá náà gbẹ, ẹ kọ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó fi òrí pa ibi yòókù. Nọ́ńbà méjì ni o: ti yín, àti ti ẹni tó wà nílé, torí fóònù yín lè kú tàbí kó bọ́ sọnù. Ẹ pín nọ́ńbà 11 náà sí 4, 3, 4, kí ẹni tó ń kà á má bàa fo ọ̀kan.

Káàdì náà wúlò, àmọ́ inú ẹ̀wù ni kí ẹ rán an mọ́. Ẹ kọ orúkọ, ìlú, àìsàn tó bá wà, àti èdè tí ọmọ gbọ́ sí i. Ọmọ tí kò gbọ́ ju Owé, èdè Kábà, lọ kò ní dá ẹni tó ń sọ Haúsá sí i ní Lọ́kọ́ja lóhùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àǹkárá kan náà wọ ìbejì lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá bá yín ṣọ́ wọn lọ́nà á rí Táyé lẹ́ẹ̀mejì, á sì rò pé òun ti rí Kẹ́yìndé. Ẹ ya fọ́tò wọn kí ẹ tó wọ mọ́tò, láti orí dé bàtà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sílé pẹ̀lú nọ́ńbà mọ́tò. Ó rọrùn fún ẹni tó bá jí ọmọ gbé láti pààrọ̀ ẹ̀wù rẹ̀. Bàtà tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu kì í yá rí.

Ibi tí dẹ́rẹ́bà ti dúró kí èrò jẹun lọmọ ti ń sọnù, nígbà tí ìyá ń wá ṣéńjì. Ẹ mú owó sọ́wọ́ kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ pọn ọ̀kan, ẹ di èkejì lọ́wọ́ mú, kí ẹ̀gbọ́n wọn di ìró yín mú. Ẹ fọwọ́ kan orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí mọ́tò tó tún gbéra.

Bí ọ̀kan bá pòórá, ẹ má pe orúkọ nìkan, èrò kò mọ orúkọ. Ẹ pariwo aṣọ: “Ọmọ ọdún 3, ẹ̀wù pupa!” Kí ẹnì kan sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, kí mọ́tò kankan má jáde láìyẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹlòmíràn pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì. Ẹ̀yin, ẹ dúró níbi tí ọmọ ti rí yín kẹ́yìn. Ibẹ̀ ló lè kọ́kọ́ padà sí.