Lẹ́tà Àwọn Òǹkàwé: Ṣé Apá Kejì Terminator Ju Apá Kìíní Lọ Lóòótọ́?

Nínú ìwé ìròyìn wa tó kọjá, a bẹ àwọn òǹkàwé pé kí wọ́n kọ èrò ọkàn wọn sí wa nípa Terminator 2: Judgment Day, fíìmù àròsọ sáyẹ́ǹsì tó kún fún ìjà, èyí tí James Cameron darí, tí wọ́n sì gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 3, oṣù keje, ọdún 1991. Ohun tí a béèrè ni bóyá ó dára ju The Terminator ti ọdún 1984 tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Èrò àwọn tó kọ̀wé kò ṣọ̀kan rárá, àwọn mìíràn sì fi ìbéèrè tiwọn ránṣẹ́ dípò ìdáhùn. A mú díẹ̀ lára àwọn ìbéèrè náà síbí.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan ní Ìbàdàn: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ó pẹ́ tí èmi àti àbúrò mi ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní apá kejì ni ọba gbogbo wọn. Èmi ní ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ba ìtàn náà jẹ́, nítorí ẹni tó jẹ́ bọ́ọ̀sì, ìyẹn olórí ìkà, ní apá kìíní, tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bani dé ojú oorun, ni wọ́n sọ di ẹni tó ń bá ọmọdé ṣeré. Ta ló jàre nínú wa?

Ìdáhùn: Ní tèmi, àbúrò yín ló jàre, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí ẹ fi kan fíìmù náà kì í ṣe ẹ̀sùn kékeré, ó sì yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí a tó dá ẹjọ́ náà.

Owó díẹ̀ ni wọ́n fi ṣe apá kìíní, nǹkan bíi mílíọ̀nù 6.4 dọ́là, dídẹ́rù ba olùwòran sì ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọdún 2029 ni wọ́n ti rán ẹ̀rọ apànìyàn kan, èyí tí Arnold Schwarzenegger ṣe, wá sí ìlú Los Angeles ti ọdún 1984, kí ó wá pa obìnrin kan tó ń jẹ́ Sarah Connor kí ó tó bí ọmọ tí yóò ṣáájú ọmọ aráyé lójú ogun pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ. Ó ṣòro láti rí ìran kan tí a lè yọ kúrò nínú rẹ̀ tí ìtàn náà kò ní mẹ́hẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé òun fẹ́ràn rẹ̀ ju apá kejì lọ nítorí pé ó ṣe ṣókí tí kò sì fi àkókò ṣòfò, n kò ní bá a jiyàn.

Apá kejì ná wọn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 dọ́là, kò sì sí fíìmù tó tíì ná èèyàn tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà. Ẹni tó bá gbọ́ iye owó yẹn lè rò pé ìbọn àti iná nìkan ni wọn yóò fi kún un. Wọ́n fi ìbọn àti iná kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n Cameron àti William Wisher tí wọ́n jọ kọ ìtàn náà ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí apá kìíní ń sọ ni pé ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ tán, kò sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́. Apá kejì dá a lóhùn pé ó ṣeé yẹ̀. Mo gbà pé inú ìdáhùn yìí ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú awuyewuye àwọn olùwòran ti ṣẹ̀. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn yóò fẹ́ràn fíìmù náà, ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn yóò ní wọ́n ti mú kí ìtàn náà dẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe mú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì yẹn wọlé. Ẹni méjì ló dé láti ọjọ́ iwájú, àwọn méjèèjì sì ń wá John Connor, ọmọdékùnrin tí Sarah bí, kiri. Ọ̀kan wọ aṣọ awọ dúdú, ó fi ìbọn pamọ́ sínú páálí òdòdó. Èkejì wọ aṣọ ọlọ́pàá, ó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti wo apá kìíní yóò gbà pé aláṣọ awọ ni ó wá pa ọmọ náà, títí àwọn méjèèjì fi pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìtajà ńlá kan, tí ẹni tí à ń bẹ̀rù fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ gba ọta ìbọn dípò ọmọ. Ó dùn mí púpọ̀ pé ìpolówó fíìmù náà ti tú àṣírí yìí kí ó tó jáde, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ wò ó ní sinimá ní 1991 ni kò rí ìyàlẹ́nu kankan níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi í han ẹni tí kò tíì rí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ohunkóhun fún un ṣáájú.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí èmi náà bi yín léèrè: ta ni bọ́ọ̀sì nínú ilé Miles Dyson? Dyson, tí Joe Morton ṣe, ni onímọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Cyberdyne yóò bí Skynet, kọ̀ǹpútà tí yóò pa ọmọ aráyé run. Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó wà nínú ilé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Sarah ló gbé ìbọn lọ bá a lóru, tó yìn ín láti ìta, tó wọlé tọ̀ ọ́, tó sì na ìbọn sí i níbi tó ṣubú sí, tí ọmọ kékeré náà sì fi ara bo bàbá rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ wá ṣe fún Sarah ní 1984 gan-an ni òun náà fẹ́ ṣe fún ẹlòmíràn yìí, ìyẹn ni pé kí ó pa èèyàn nítorí ohun tí ẹni náà kò tíì ṣe. Kò lè ṣe é. Ó wó lulẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ní gbogbo àkókò yẹn ẹ̀rọ ń kọ́ bí a ṣe ń dá ẹ̀mí sí lọ́wọ́ ọmọ tó pàṣẹ fún un pé kò gbọ́dọ̀ pa ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀rọ náà bá ṣì jẹ́ apànìyàn bíi ti àtẹ̀yìnwá, ìran yìí ì bá má wúwo rárá. Àwọn olùwòran máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa iṣan apá Linda Hamilton, tó ṣe Sarah, tó sì gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ológun ọmọ Ísírẹ́lì kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ nínú ilé Dyson ni èmi rò pé ó yẹ kí wọ́n máa sọ.

Ọ̀pọ̀ ló wà lẹ́yìn àbúrò yín. Àwọn olùwòran tí ilé-iṣẹ́ CinemaScore fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ní Amẹ́ríkà bí wọ́n ti ń jáde ní sinimá fún un ní A+, máàkì tó ga jù lọ, òun ló sì pa owó jù lọ nínú gbogbo fíìmù ọdún 1991. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà kò dá wà: nígbà tí Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, ń yan àwọn fíìmù tó yẹ kí Amẹ́ríkà tọ́jú títí láé, apá kìíní ni wọ́n kọ́kọ́ mú, ní 2008, ó sì di 2023 kí wọ́n tó mú apá kejì.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o. Apá kìíní sọ fún wa pé kìkì ohun tí ẹran ara alààyè bò ló lè gba inú ẹ̀rọ arìnrìn-àjò àkókò kọjá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dé ní ìhòhò. T-1000 ti apá kejì, ìyẹn ẹ̀rọ tó wọ aṣọ ọlọ́pàá, kò ní ẹran ara, irin olómi ni láti òkè dé ilẹ̀. Báwo ló ṣe dé? Ìkejì, bí wọ́n bá dènà Skynet, ta ló wá rán bàbá John wá sí 1984?

Ìdáhùn: Lórí ti àkọ́kọ́, ẹ jàre pátápátá. Àwọn olùwòran kan ti ronú àlàyé tiwọn, pé bóyá ẹran ni wọ́n fi wé e nígbà tí ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù náà. Àléébù ni, n kò sì ní gbèjà rẹ̀.

Ti ìkejì jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní apá kìíní, John ló rán Kyle Reese padà kí ó lọ dáàbò bo ìyá òun, Kyle yìí kan náà ló sì di bàbá rẹ̀. Àwòrán Sarah tí Kyle ń gbé kiri lójú ogun ni wọ́n yà ní ìparí fíìmù náà níṣojú wa. Apá kejì fi kún un pé apá irin àti ṣíìpù tó ṣẹ́kù lára ẹ̀rọ tí Sarah pa ni Dyson ń wò tó fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Èyí ni pé Skynet pẹ̀lú, bíi John, ì bá má sí bí kò bá sí ìrìn-àjò yẹn. Nígbà tí àwọn akọni wa wá lọ jó Cyberdyne níná, tí wọ́n sì ju ṣíìpù àti apá irin náà sínú irin yíyọ́, ohun tó gbé John gan-an dúró ni wọ́n ń gé. Bí a bá tẹ̀lé ìṣirò apá kìíní, ó yẹ kí ọmọ náà pòórá lójú wa.

Mo rò pé àwọn òǹkọ̀wé náà mọ̀, tí wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ san owó yẹn. Èèyàn kò lè sọ pé ọjọ́ iwájú ṣeé yí padà kí ó tún pa òfin ìtàn tó ní kò ṣeé yí mọ́. Ohun tó mú kí n gbà bẹ́ẹ̀ ni ìparí kan tí Cameron yà tí kò sì lò: Sarah ti dàgbà, ó jókòó ní ọgbà ìtura ní 2029, ogun kò jà rí, John sì ti di aṣòfin, ó ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré. Wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n sì fi ọ̀nà tí a ń wò lóru láti inú ọkọ̀ rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú ohùn Sarah tí kò mọ ibi tí ọ̀nà náà ń lọ. Inú mi dùn sí ìyípadà yẹn, nítorí ìparí àkọ́kọ́ ì bá sọ ìrètí di ìwé ẹ̀rí. Ẹ sì rántí pé ọjọ́ 29, oṣù kẹjọ, ọdún 1997 ni fíìmù náà sọ pé bọ́ǹbù átọ́míìkì yóò pa èèyàn bílíọ̀nù 3. Fún àwọn tó wò ó ní 1991, ọjọ́ náà ṣì ń bọ̀. Àwa tí à ń wò ó báyìí ti kọjá rẹ̀ ní àlàáfíà, èyí sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹ̀rù rẹ̀ dín kù lójú àwọn ọ̀dọ́.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Abẹ́òkúta: Àwọn ọmọ mi ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà inú fíìmù yìí mọ́ra ju ti ọ̀pọ̀ fíìmù tuntun lọ. Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ṣé àbíkẹ́yìn mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá lè bá wọn wò ó?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ohun tó jẹ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀ kéré gan-an ni, nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 nínú fíìmù tó gùn ju wákàtí méjì lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Industrial Light & Magic, tí Dennis Muren jẹ́ ọ̀gá wọn, lo kọ̀ǹpútà níbi tí ọwọ́ èèyàn kò lè dé nìkan, bí ìgbà tí T-1000 gba àárín irin ilẹ̀kùn kọjá ní ilé ìwòsàn tí ìbọn ọwọ́ rẹ̀ sì há síbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe ni ó kù, ère àti ìbòjú tí Stan Winston àti àwọn èèyàn rẹ̀ mọ, tí iná tó tàn sí òṣèré tàn sí pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí ojú fi gbà á. Robert Patrick tó ṣe T-1000 náà fi ara ṣiṣẹ́: ó kọ́ bí èèyàn ṣe ń sáré ìje láì la ẹnu mí, kí ó má baà jọ ẹni tó ń rẹ̀. Àmì-ẹ̀yẹ Oscar 4 ni fíìmù náà gbà, ti àgbéyọ àrà ojú sì wà nínú wọn.

Àwa Yorùbá yóò tún fẹ́ràn èyí: ìbejì ṣiṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀. Níbi tí T-1000 ti di ẹ̀dà ẹ̀ṣọ́ ilé ìwòsàn, Don àti Dan Stanton ni, ìbejì gidi. Linda Hamilton pẹ̀lú jẹ́ ìbejì, Leslie ìkejì rẹ̀ sì bá a ṣe é. Nínú ìran kan tí wọ́n dá padà sínú ẹ̀dà gígùn, níbi tí wọ́n ti ń yọ ṣíìpù kúrò ní orí Schwarzenegger níwájú dígí, kò sí dígí kankan níbẹ̀. Ojú fèrèsé òfìfo ni. Leslie àti ère wà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, Linda àti Schwarzenegger gan-an wà ní òdìkejì, àwọn ọmọ ìyá méjèèjì sì ń gbé ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ti àbíkẹ́yìn yín, ẹ jẹ́ kí ó dúró ná. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 kò gbọ́dọ̀ wò ó ní sinimá láìsí òbí tàbí alágbàtọ́. Ìjà kọ́ ni mo ń bẹ̀rù fún un. Àlá Sarah ni, níbi tí iná bọ́ǹbù ti jó àwọn ọmọdé ní pápá ìṣeré.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù: Kí ló dé tí àwọn tó fẹ́ràn apá kejì kì í fẹ́ gbọ́ nípa àwọn tó tẹ̀lé e?

Ìdáhùn: Nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló gba ìdáhùn apá kejì padà lọ́wọ́ wọn. Ti 2003 ní wọ́n kàn sún ọjọ́ ìparun síwájú ni. Ti 2009 lọ bá ogun náà níbi tó ti ń jà, ti 2015 da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Ti 2019 tó mú Linda Hamilton padà pa John ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ tí wọ́n fi gbogbo apá kejì gbà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ Cameron fúnra rẹ̀ wà lára àwọn agbátẹrù rẹ̀. Ìbínú tí àwọn olùwòran fi gba ikú yẹn tọ́ lójú tèmi. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ síwájú ṣá, ti 2003 ni kí ẹ wò, nítorí òun nìkan ló ní ìgboyà láti jẹ́ kí bọ́ǹbù náà bọ́ ní ìparí, kí ó sì sọ fún apá kejì lójú kòrókòró pé òun kò gbà.