Kí ló gbé ìwé ìròyìn Daily Times ga l'Ékòó, kí ló sì fa ìṣubú rẹ̀?

Ọdún 1926 ni Daily Times bẹ̀rẹ̀ sí í jáde l'Ékòó, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ tí Adéyẹmọ Alákijà àti àwọn oníṣòwò òyìnbó dá sílẹ̀. Ernest Ikoli ni olóòtú àkọ́kọ́. Ohun tó gbé e ga ni pé àwọn tó ni Daily Mirror ti Lọ́ńdọ̀nù rà á ní 1947, wọ́n kó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìgbàlódé wá, wọ́n sì kọ́ àwọn akọ̀ròyìn ọmọ Nàìjíríà níṣẹ́, títí Babátúndé Jose, ẹni tó ti kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé níbẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, fi di ọ̀gá pátápátá. Nígbà tí yóò fi di 1975, ẹ̀dà tó ń tà lójúmọ́ ti lé ní 200,000.

Ọdún náà gan-an ni ìjọba ológun gba ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìpín ilé-iṣẹ́ náà. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìṣubú ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òǹkàwé kì í pẹ́ mọ ìwé ìròyìn tí kò lè bá ẹni tó ni ín wí. Punch, Concord àti Guardian gba àwọn òǹkàwé rẹ̀. Ní 2004, ìjọba tà á fún Folio Communications, ọ̀rọ̀ títà náà sì di ẹjọ́ ọlọ́dún gbọọrọ.