Etí tó dí lójijì kò ní dúró de èsì ẹ̀jẹ̀

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Mo jí láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, etí òsì mi dí, ó sì ń hó yee. Ilé àyẹ̀wò kan ní kí n kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó máa sọ bóyá oògùn á ṣiṣẹ́ lára mi, kí n má baà náwó dànù. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí èsì tó jáde. Ṣé kí n ní sùúrù?

Ìdáhùn: Rárá o! Irú ìbéèrè yìí ti ń pọ̀ jù, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń ta àyẹ̀wò náà.

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè sọ fún ẹnì kan pàtó pé oògùn á ràn án lọ́wọ́ tàbí kó má wulẹ̀ lò ó. Mo fura pé NLR ni wọ́n fẹ́ ṣe fún yín. Wọ́n á ka neutrophil àti lymphocyte, oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun méjì inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á wá fi iye èkejì pín ti àkọ́kọ́. Inú FBC lásán, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń ka gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, ni ìṣirò yẹn ti ń jáde. Lóòótọ́, àwọn olùwádìí ní Tọ́kì, Ṣáínà àti Kòríà rí i pé NLR àwọn tí etí wọn kò ṣí padà sábà máa ń ga ju ti àwọn tó ṣí lọ, ní ìpíndọ́gba. Ṣùgbọ́n iye ti ẹgbẹ́ méjèèjì wọnú ara wọn. Àkóràn lásán lè gbé e sókè. Prednisolone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó ń dín wíwú kù tí a fi ń tọ́jú etí náà, máa ń gbé e sókè. Ọ̀pọ̀ àwa ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni neutrophil wa sì kéré látìbí láìsí àìsàn kankan. Ààlà tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn fà lè má bá tiwa mu.

Ohun tó ń fi ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí hàn díẹ̀ ni bí etí ṣe dí tó, bóyá òòyì ń kọ́ yín, ọjọ́ orí yín, àti ọjọ́ tí ẹ fi ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ihò etí wò. Wọ́n á lu irin kékeré kan, wọ́n á gbé e lé yín níwájú orí. Bí ìró rẹ̀ bá lọ sí etí tó dá, inú etí lọ́hùn-ún ni wàhálà wà. Bó bá lọ sí èyí tó dí, ó lè jẹ́ ìdọ̀tí lásán. Lẹ́yìn náà ni odiọ́gíráàmù, àyẹ̀wò tó ń wọn bí etí ṣe ń gbọ́ràn tó. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́ ló yẹ kí prednisolone bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá tó, a lè gún sítẹ́rọ́ìdì gba awọ ìlù etí, láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 6 lẹ́yìn tí etí dí. A ó tún ní kí ẹ ya MRI, àwòrán inú orí tí ẹ̀rọ ń yà, nítorí kókó lè wà lára iṣan ìgbọ́ràn.

Ẹ má da àdí sí etí. Ọ̀pọ̀ irú etí yìí máa ń ṣí fúnra rẹ̀, aládìí á sì gba ìyìn.

N kò tíì rí etí yín o, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ra oògùn ní kẹ́míìsì, pàápàá bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ọgbẹ́ inú. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà etí, ẹ sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé òjijì ni, kí wọ́n má baà fún yín ní àpọ́ìntìmẹ́ǹtì oṣù tó ń bọ̀.